Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Lè Mú Kí Ọ̀kadà Àtijọ́ Fà Dáadáa Láìnáwó Púpọ̀

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tí ó ń gun alùpùpù ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Ìlọrin àti àwọn ìlú Ìgbómìnà bíi Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán máa ń bi mí léraléra. Mo to ìdáhùn wọn sílẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó gba ìrònú.

Irú alùpùpù wo ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún?

Alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín 100 àti 125 cc (ìwọ̀n àyè inú sílíńdà rẹ̀), tí ó sì ń lo kábúrétọ̀ (ohun tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì), ni mo ní lọ́kàn: Bajaj Boxer, Jincheng AX100, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ya ẹ́ńjìnnì wọn lára Honda CG125. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdílé tí tiyín ti wá. Four-stroke ni Boxer àti CG125: ọ́ìlì ń gbé inú ikùn ẹ́ńjìnnì, fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde) sì wà ní orí rẹ̀. Two-stroke ni AX100: ọ́ìlì máa ń jó pọ̀ mọ́ epo, kò sì ní fáàfù tí à ń tún àyè rẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ràn tí ó tọ́ fún ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́ pátápátá.

Ṣé ọ̀kadà tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lè lágbára ju ìgbà tí ó wà ní tuntun lọ?

Ó ṣòro. Agbára ẹṣin bíi 8 sí 11 ni àwọn alùpùpù wọ̀nyí ní nígbà tí wọ́n jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, olè ti wọ inú rẹ̀: bíréèkì ń di wíìlì mú díẹ̀, ṣéènì ti gbẹ, afẹ́fẹ́ táyà ti lọ sílẹ̀, fílítà ti dí, fáàfù kò sì padé dáadáa mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bu díẹ̀díẹ̀ nínú agbára tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn, àwọn aládùúgbò á máa rò pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra ohun ìsáré kankan kí ó tó lé olè jáde. Ohun kan ṣoṣo tí kò wọ́n, tí ó sì ń yí bí alùpùpù ṣe ń fà padà lóòótọ́, ni pípààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé), èyí tí ó ní ìbéèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó náwó rárá?

Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ìdúró àárín, ẹ fi jíà sí fúríì, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí wíìlì ẹ̀yìn. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan péré tí ó dúró, bíréèkì tàbí bíárìn ni ó ń dì í mú. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí ó wà ní ìdí ọ̀pá bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí wíìlì yóò fi máa yí fàlàlà; ẹsẹ̀ bíréèkì yẹ kí ó lọ sílẹ̀ bíi mílímítà 20 sí 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú sókè, kí ẹ ṣe bákan náà.

Ṣéènì ni ó kàn. Ní àárín apá rẹ̀ ìsàlẹ̀, ó yẹ kí ó lè lọ sókè-sódò ní ìwọ̀n mílímítà 20 sí 30. Ẹ má ṣe wọn ibì kan ṣoṣo, nítorí pé ṣéènì tí ó ti gbó máa ń le níbì kan, kí ó sì dẹ̀ níbòmíràn. Ibi tí ó le jù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ oríṣi 428, tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn alùpùpù wọ̀nyí, ẹ na ṣéènì náà dáadáa kí ẹ fi rúlà wọn oríkèé ogún: ti tuntun jẹ́ mílímítà 254. Bí tiyín bá ti dé 259, ó ti tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì, nítorí pé eyín tí ó ti tẹ̀ bí èékánná àṣá yóò jẹ ṣéènì tuntun run láàárín oṣù díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ táyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú wò, ojú kò sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí fọkanáísà fi gééjì wò ó: bíi PSI 25 níwájú àti 28 lẹ́yìn fún ẹni kan, kí ti ẹ̀yìn tó bíi 32 bí èrò tàbí ẹrù bá wà.

Ẹ wá wọn iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wá ibi tí ó tẹ́jú tí ọkọ̀ kì í sábà gbà, ẹ sáré dé 30 lórí gééjì ìsáré, ẹ fi sí fúríì níbi àmì kan, kí ẹ wo ibi tí yóò ti dúró fúnra rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ó bá kọjá ibi àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n òpó iná kan, agbára tí ẹ́ńjìnnì ti ń fi ṣòfò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ kò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Wọ́n ní kí n yọ fílítà afẹ́fẹ́ kúrò kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ tí ó gbówó lérí jù ní agbègbè wa nìyí. Ohun tí ó mú kí ènìyàn gbà á gbọ́ ni pé bí fílítà bá ti dí pa, tí ẹ sì yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á sọ jí lójú ẹsẹ̀. Fílítà mímọ́ ìbá ṣe iṣẹ́ kan náà fún un.

Ọ̀nà oko wa jẹ́ ilẹ̀ pupa, eruku rẹ̀ sì le bí iyanrìn tí a lọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí alùpùpù kan bá wà níwájú yín, ìkùukùu eruku ni ẹ ó máa gbà kọjá títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Mo gba ìmọ̀ràn yìí rí lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, mo sì fi gbogbo ẹ̀rùn gun ọ̀nà oko ní agbègbè Ìsin láìní fílítà. Ó sáré lóòótọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù ti ń jáde nídìí rẹ̀. Nígbà tí a sì tú u, ojú písítìn (irin tí ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà) dà bí ibi tí ológbò ti há. Owó bírí sílíńdà (fífi ẹ̀rọ fẹ inú rẹ̀ kí ó lè dán) àti písítìn tuntun ni mo fi san gbèsè eré ọ̀hún.

Bí fílítà bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fún un láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì láìlọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ tán, kí ẹ wá ki í bọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mímọ́, kí ẹ sì fún èyí tí ó pọ̀jù kúrò. Fóòmù gbígbẹ kò mú eruku. Ọ́ìlì yẹn ni ó ń mú un. Bí ó bá jẹ́ ti bébà, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láti inú wá sí ìta, ẹ má sì ṣe fọ̀ ọ́. Nínú ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wò ó.

Kí ni pulọ́ọ̀gì lè sọ fún mi?

Ó lè sọ púpọ̀. Ẹ gun alùpùpù náà dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa á láìjẹ́ kí ó dúró lórí iná kékeré (ìyẹn ni kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́jẹ́ láìlọ síbì kankan), kí ẹ tú pulọ́ọ̀gì nígbà tí ó bá tutù díẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí ti bisikíìtì, epo àti afẹ́fẹ́ bára mu. Èyí tí ó dúdú tí ó sì gbẹ bí èédú ń jẹ epo jù, tàbí kí fílítà rẹ̀ ti dí. Èyí tí ó funfun ń jẹ afẹ́fẹ́ jù, ooru rẹ̀ sì ti pọ̀jù. Bí ó bá tutù fún ọ́ìlì lára four-stroke, ẹ lọ ka ìbéèrè nípa ríìngì (òrùka tí ó yí písítìn ká) nísàlẹ̀.

Àlàfo ẹnu rẹ̀ wà láàárín mílímítà 0.6 àti 0.7 fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Pulọ́ọ̀gì ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ ra èyí tí ìwé alùpùpù dárúkọ níbi tí ẹ lè dá a padà sí.

Ọ́ìlì wo ni ó dára jù?

Fún Boxer àti CG125, ọ́ìlì alùpùpù 20W-50, bíi lítà kan. Ẹ wá àkọlé JASO MA lára ike rẹ̀. Inú ọ́ìlì yẹn náà ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì ní èròjà tí ń mú kí irin máa yọ̀, èyí tí yóò jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì náà máa yọ̀ pẹ̀lú. Ẹ ó wá máa gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì lórí òkè, alùpùpù kò sì ní kúrò lójú kan. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà kílọ́ọ̀ṣì le jù: ọwọ́ rẹ̀ yẹ kí ó mì bíi mílímítà 10 sí 20 ní ṣóńṣó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Alùpùpù mi ń kú lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, ó sì tún máa ń jí bí ó bá sinmi. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀ ẹ́ ni?

Ẹ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tí ó bá kú. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn bí ẹni tí ń mí, tí ó sì jí lẹ́yìn náà, ihò kékeré inú ìdérí ni ó dí. Afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé, epo kò sì lè sọ̀kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni oògùn rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ó ra kábúrétọ̀ tuntun nítorí ihò yìí.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ tú àsẹ́ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà epo lábẹ́ táǹkì, kí ẹ sì da ìdọ̀tí àti omi ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ nù.

Epo ti wọ́n. Ṣé mo lè tún kábúrétọ̀ ṣe kí ó máa jẹ epo díẹ̀, kí ó sì tún máa fà?

Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde òpin owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù. Ìdáhùn mi kò tíì yí padà: kábúrétọ̀ tí ó mọ́, tí ó sì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, ni ó ń ṣọ́ epo jù lọ. Àwọn tí ń dín epo kù tipátipá nípa fífi jẹ́ẹ̀tì (irin oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀) kékeré sí i ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Four-stroke á jó fáàfù. Písítìn two-stroke á di mọ́ inú sílíńdà lójijì, wíìlì ẹ̀yìn á sì dúró gbọnin lórí eré.

Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì. Bàbà rírọ̀ ni; ihò tí ẹ bá fi wáyà fẹ̀ kò tún ní padà sí bí ó ti wà. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ fọkanáísà ti tó. Ẹ wo abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú: kílíìpù kékeré wà ní orí rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ìlà tí a há sí i. Bí ẹ bá sọ kílíìpù kalẹ̀ ní ìlà kan, abẹ́rẹ́ ga sókè, epo sì pọ̀ sí i ní àárín eré. Bí ẹ bá gbé e sókè, epo dín kù. Ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ ka pulọ́ọ̀gì.

Síkírù ìdàpọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni à ń fi tún iná kékeré ṣe. Ẹ rọra dì í títí yóò fi kanlẹ̀, ẹ tú u ní ìlọ́po kan àbọ̀, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná títí ẹ ó fi rí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ga jù tí ó sì dán. Bí ẹ kò bá rí irú ibẹ̀ rárá, ẹ fi omi ọṣẹ pa ọrùn rọ́bà tí ó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, rọ́bà ti ya, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ jí wọlé.

Òkè ọ̀nà oko wa ga, ẹrù iṣu sì wúwo. Kí ni mo lè ṣe kí alùpùpù lè gùn ún láìjẹ́ pé mo bọ́ sílẹ̀ tì í?

Ẹ pààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú sí èyí tí eyín rẹ̀ fi ọ̀kan dín. Ká sọ pé ti iwájú ní eyín 14, ti ẹ̀yìn sì ní 42: ẹ́ńjìnnì ń yí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú ní ìlọ́po 3 kí wíìlì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sọ ti iwájú di 13, ó di 3.23. Agbára tí ó ń dé wíìlì ti lọ sókè ní bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo jíà, owó sípírókẹ́ẹ̀tì kékeré kan péré ni ẹ sì san.

Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń sáré 60 tẹ́lẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì kan náà yóò gbé yín dé bíi 56 nìkan. Ẹni tí ó ń gbé iṣu bọ̀ láti oko kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bbà lójoojúmọ́ yóò máa gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì, epo rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Gééjì ìsáré kò ní purọ́, nítorí pé wíìlì iwájú ni wáyà rẹ̀ ti ń gba ìṣírò lára àwọn alùpùpù wọ̀nyí.

Ẹ tún lè gba ẹ̀yìn: eyín 45 lẹ́yìn pẹ̀lú 14 níwájú fún yín ní 3.21, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà. Ó wọ́n jù, ó sì lè béèrè ṣéènì tí ó gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ṣéènì á pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí pé kò ní máa tẹ̀ púpọ̀ yí ká eyín kékeré. Fún iwájú, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 13 bí 14 bá ni ti ilé iṣẹ́. Ẹ mú ògbólógbòó sípírókẹ́ẹ̀tì náà dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi ihò àárín rẹ̀ wé tuntun kí ẹ tó sanwó. Orúkọ alùpùpù nìkan kò tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe òdìkejì rẹ̀, ó fi 15 sí iwájú kí ó lè máa sáré. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó ti gbó kò lè fa jíà kẹrin mọ́, jíà kẹta ni ó sì ń gùn kiri ìgboro títí ó fi dá 14 padà.

Bí mo bá gé sàlẹ́ńsà, ṣé á sáré sí i?

Ariwo ni yóò sáré sí i. Lára four-stroke, gígé e láìtún jẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń sọ afẹ́fẹ́ di púpọ̀ ju epo lọ, agbára ìsàlẹ̀ tí à ń fi gun òkè sì sábà máa ń dín kù.

Lára AX100, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrísí inú sàlẹ́ńsà two-stroke ni ó ń ti epo tí kò tíì jó padà sínú sílíńdà. Bí ẹ bá gé e, epo tútù yóò máa bá èéfín jáde. Ohun tí ó yẹ ẹ́ ni fífọ̀. Ọ́ìlì tí ó ń jó máa ń di èédú sí ẹnu ihò èéfín àti inú sàlẹ́ńsà, títí ihò á fi kéré. Ẹ tú u, ẹ fi igi tàbí irin tí kò mú ha èédú náà kúrò nígbà tí písítìn bá bo ihò, kí ó má baà bọ́ sínú. Mo mọ AX100 tí kò lè gbé ènìyàn méjì gun afárá, tí iṣẹ́ ọ̀sán kan yìí sọ di ènìyàn padà.

Ìgbà wo ni kí n tún fáàfù ṣe?

Lára four-stroke nìkan, ní gbogbo kìlómítà bíi 3,000, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ti tutù pátá. Àyè tí ó wà láàárín rọ́kà (irin tí ń tẹ fáàfù ṣí) àti orí fáàfù kéré púpọ̀: mílímítà 0.08 ni ti Honda CG125 fún méjèèjì, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù sì wà láàárín 0.05 àti 0.10. Ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì títí àmì T yóò fi bá àmì tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì mu, kí rọ́kà méjèèjì sì máa mì; bí wọn kò bá mì, ẹ tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ki irin pẹlẹbẹ ìwọ̀n bọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe máa yọ̀ pé fáàfù yín kò dún. Èyí tí ó ń dún díẹ̀ ń padé. Èyí tí ó dákẹ́ jù lè jẹ́ pé ó ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo, agbára ń gba ibẹ̀ sá, iná sì ń jó ètí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ríìngì ni ó ti jẹ tàbí fáàfù?

Ẹ fi gééjì ìfúnpọ̀ wò ó ní ihò pulọ́ọ̀gì, ẹ ṣí ọwọ́ epo tán, kí ẹ gbá kíkì léraléra títí gééjì kò fi gòkè mọ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí tíì kan gba ihò náà, kí ẹ tún gbá a. Bí iye rẹ̀ bá lọ sókè gan-an, ríìngì ni, nítorí pé ọ́ìlì ti dí àlàfo rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá kúrò lójú kan, fáàfù ni kò padé, ó sì ṣeé ṣe kí títún àyè rẹ̀ ṣe tàbí lílọ̀ ọ́ tó, láìdé ọ̀dọ̀ abírí.

Ṣé bírí sílíńdà sí písítìn ńlá máa ń fi agbára kún un?

Ó máa ń fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹnu sílíńdà CG125 jẹ́ mílímítà 56.5, ìrìn písítìn rẹ̀ sì jẹ́ 49.5, èyí tí ó fún un ní 124. Bí ẹ bá bírí rẹ̀ dé òpin ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń tà, ìyẹn mílímítà kan, ó di 57.5, ẹ́ńjìnnì sì di bíi 128.5. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì tó ìdajì ohun tí eyín kan lórí sípírókẹ́ẹ̀tì fún yín.

Ẹ bírí rẹ̀ nígbà tí ó bá ti jẹ, kì í ṣe kí ó lè sáré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.25, nítorí pé ìgbà tí a lè bírí sílíńdà kan kò pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kìlómítà 500 àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ẹrù ńlá lórí òkè, kí ẹ sì da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù kíákíá.

CDI ìsáré (àpótí kékeré tí ń darí iná pulọ́ọ̀gì) tí wọ́n ń tà ńkọ́?

Ẹ fi owó yẹn ra bàtà bíréèkì. Ohun tí irú CDI bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe jù ni kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ ti dá a dúró, ọ̀kadà tí ó gbé ẹrù lórí òkè kì í sì í dé ibẹ̀ láéláé.

Mo ní férémù ẹ́ńjìnnì 100 tí ó dára. Ṣé mo lè gbé ẹ́ńjìnnì 150 sí i?

Àwọn alurinmọ́rin ń ṣe é. Kí ẹ tó bá wọn lọ, ẹ wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni bóyá sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò wà lórí ìlà kan. Ẹ na okùn láti ọ̀kan dé èkejì, nítorí pé bí wọ́n bá fi mílímítà díẹ̀ ṣìnà, ṣéènì á máa bọ́ lórí eré. Èkejì ni pé ibi tí a bá jó lára férémù nítòsí apá ẹ̀yìn kò lágbára tó bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹrù sì ń tẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, tí wọ́n ṣe fún ìwúwo àti eré ẹ́ńjìnnì 100. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é síbẹ̀, ẹ ra orí iwájú àti wíìlì méjèèjì ti 150 náà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ bá ro iye gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ béèrè iye tí odindi alùpùpù 150 àlòkù kan jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á kí ẹ tó pe alurinmọ́rin.